Kí ẹ tó ra kíìtì sìkánà, ẹ yẹ ihò ọkọ̀ yín wò

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú wa ń dùn sí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Òkun, láti Kábà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ ṣe sìkánà ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, fúnra wọn. Ohun tó ń dùn wá ni pé wọ́n máa ń ra kíìtì tí kò gbọ́ èdè ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò ó fún.

Kíìtì tó wọ́pọ̀ ni Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí) pẹ̀lú pátákó MCP2515. Èdè kan ṣoṣo ni pátákó yẹn gbọ́, ìyẹn CAN, èdè orí wáyà méjì tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti ọkọ̀ 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ OBD-II (ìlànà tí sìkánà fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀) di dandan, ṣùgbọ́n 2008 ni CAN tó di dandan níbẹ̀. Tòkunbọ̀ tó jáde láàárín ọdún méjèèjì kún títì wa. Corolla 2003 àti Camry Big Daddy 2003, K-line, èdè mìíràn tó ń gba orí wáyà kan, ni wọ́n ń sọ. Camry Muscle 2007 ló ń sọ CAN. Golf 3 ti Yúróòpù tilẹ̀ tún yàtọ̀: ihò olójú 16 lè wà lára rẹ̀ kó má sì gbọ́ OBD-II rárá, nítorí èdè Volkswagen fúnra rẹ̀ ló ń sọ.

Nítorí náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó náwó. Ojú 1 sí 8 wà lókè, 9 sí 16 wà nísàlẹ̀. Bí irin bá wà ní 6 àti 14, CAN ni. Bí àwọn méjèèjì bá ṣófo tí irin sì wà ní 7, K-line ni.

Ojú 16 ni iná bátìrì ti ń jáde, 4 àti 5 sì jẹ́ nẹ́gétíìfù. Ẹ rántí pé bí ẹ bá yí púlọ́ọ̀gì sìkánà sẹ́yìn láti so wáyà, àwọn nọ́ńbà náà á yí padà pẹ̀lú. Ẹ fi fíúsì 1 A sórí wáyà 16. Iná ibẹ̀ kì í kú bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì ń sún mọ́ 14 V tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. LM2596, pátákó tó ń dín iná kù, ni kí ẹ fi sọ ọ́ di 5 V, ṣùgbọ́n ẹ má so Arduino mọ́ ọn bó ṣe ti ọjà dé. Ẹ yí síkúrù kékeré orí rẹ̀ títí mítà yóò fi ka 5.0 V.

Ní ti CAN, ẹ yọ jọ́ńpà J1 lórí pátákó MCP2515. Resistor 120 ohm ló ń so mọ́ ìlà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti ní méjì tirẹ̀. Ẹ tú bátìrì, ẹ wọn àárín 6 àti 14: 60 ohm ló yẹ kó jẹ́. Bó bá di 40 nígbà tí ẹ ki sìkánà bọ̀ ọ́, ẹ ò tíì yọ jọ́ńpà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà ara kírísítà, irin kékeré tó ń fún pátákó náà ní ìwọ̀n àkókò. 8.000 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, 16 MHz sì ni ọ̀pọ̀ kóòdù ń retí. Bí wọn kò bá bára mu, ìyára 500 kbps tí ẹ kọ á di 250, sìkánà á máa da ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ rú, iná ABS àti ti ẹ́ńjìnnì lè tàn lójijì. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ fi í sí listen-only, kó máa gbọ́ láì fọhùn.

K-line kò wọ́n, sùúrù ló ń gbà. Ẹ ra L9637D (ìyẹn ṣíìpù K-line) àti pátákó tí ẹ ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Resistor 510 ohm ni kí ó wà láàárín K-line àti iná 12 V. Ìdajì wáàtì ni kí ẹ rà. Bí ìlà bá wálẹ̀ sí òdo tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, iná tó ń kọjá nínú rẹ̀ ń sún mọ́ 0.4 W, èyí á mú kí ti ìdámẹ́rin wáàtì gbóná kọjá ààlà. Kí ọkọ̀ tó dáhùn, ẹ ní láti fi 33 (nọ́ńbà hex ni, ìkà onímẹ́rìndínlógún) ránṣẹ́ ní 5 baud, ìyẹn bíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ tó bọ́ sí 10,400. Ọkọ̀ á fi 55 dá yín lóhùn. Ẹ máa dúró ó kéré tán 5 ms láàárín báìtì kan àti èkejì. Bí ẹ bá sì dákẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, brain box á já ìpè, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti 33. Ọ̀pọ̀ ń rò pé L9637D ti jó níbi tó jẹ́ pé àwọn ni wọn kò tètè béèrè ọ̀rọ̀ míì.

Ẹ fi ìbéèrè 01 0C, tó ń béèrè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí, dán an wò. Bí báìtì méjì tó tẹ̀lé 41 0C bá jẹ́ 0B B8, 3000 nìyẹn tí a bá kúrò ní hex. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì ń yí ní 750 ní ìṣẹ́jú kan. 03 ló ń ka kóòdù àìsàn. 04 ń pa á rẹ́, ó sì ń pa àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà nígbà tí àìsàn náà dé rẹ́ pẹ̀lú. A rọ̀ yín kí ẹ má kọ ọ́ sínú sìkánà àkọ́kọ́ yín rárá. Kóòdù àìsàn P0171, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Kò sọ bóyá páìpù ló ń jò, bóyá sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí, tàbí pọ́ǹpù epo ló ń rẹ̀.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ya àwòrán ihò olójú 16 náà sínú ìwé ìròyìn yín, kí nọ́ńbà 4, 5, 6, 7, 14 àti 16 hàn ketekete, kó sì tóbi tó èyí tí wọ́n lè gé lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Àwa oníṣẹ́ iná ọkọ̀ mélòó kan,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.