Lẹ́tà sí àbúrò mi tó wọṣẹ́ sójà l'Amẹ́ríkà

Àbúrò mi, mo gbọ́ voice note tó o fi sí grúùpù ẹbí, pé ìjọba tí Ọlọ́run bá ti fún lágbára, ogun tó bá jà, ogun Ọlọ́run ni, àti pé Kristẹni tó bá ń ta kò ó ò mọ Bíbélì. Mo kọ tèmi síta torí kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń sọ ọ́.

Ṣó o rántí àdúrà tí Màámi lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, èyí tó ní kí Ọlọ́run fún wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti gba ohun tá ò lè yí padà? Reinhold Niebuhr ni wọ́n ló kọ ọ́, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá ẹ̀ wá láti Jámánì, ó ṣe pásítọ̀ ní Detroit kó tó lọ máa kọ́ àwọn pásítọ̀ ní Union Seminary, New York, lọ́dún 1928. Ọ̀rọ̀ ogun ò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sinmi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà gan-an, àmọ́ ní 1923 ó dé Ruhr ní Jámánì, níbi táwọn sójà Faransé ti wá jókòó ti àwọn èèyàn nítorí gbèsè ogun, ohun tó fojú rí níbẹ̀ ló jẹ́ kó ní òun ò bá wọn dá sí ogun mọ́. Hitler wá gorí àlééfà ní Jámánì. Ó wá rí i pé ẹni tó káwọ́ gbera tí ìkà ń pa aláìlágbára, ọwọ́ tiẹ̀ náà ò mọ́. Ní February 1941, kí Japan tó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, rárá, ó ti dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tó fi ń bá àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà wí pé wọn ò gbọ́dọ̀ máa wòran.

Kì í ṣe ojo ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí o! Niebuhr ní èèyàn kan lè fi ara ẹ̀ rúbọ fún ẹnìkejì ẹ̀, àmọ́ orílẹ̀-èdè kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tara wọn ni wọ́n máa ń rò, wọ́n á sì fi orúkọ Ọlọ́run bò ó, torí náà agbára gbọ́dọ̀ wà tó máa dá agbára dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó di agbára yẹn mú gan-an, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, bó tiẹ̀ jàre. Lọ́dún 1946, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun tán, ó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i pé bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní Japan ò ṣeé gbèjà níwájú Ọlọ́run. Ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ Medal of Freedom ní 1964, síbẹ̀, nígbà tí ogun tí Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam gbóná, pẹ̀lú ọjọ́ ogbó àti àìsàn, ó ta kò ó.

Mi ò ní kó o fiṣẹ́ ẹ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún ẹ. Àmọ́ jọ̀ọ́, bá mi bi chaplain yín, pásítọ̀ àwọn sójà, bóyá ó máa ń gbàdúrà fún òkú àwọn tẹ́ ẹ bá jà náà, kó o wá pè mí, kó o sọ ohun tó fi dá ẹ lóhùn fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ẹ.