Kan ilẹ̀kùn olùkọ́ rẹ

Adó-Èkìtì

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó dùn mí pé o ò rí ètò REU wọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú ni owó NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí sáyẹ́ǹsì, wà fún. Ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn sọ pé ìwádìí di ẹ̀yìn ìgbà tí o bá gboyè. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún èmi náà níbí, síbẹ̀ mo ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí àwọn nọ́ńbà Fibonacci, tí a máa ń ro méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀: 0, 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13. Mo ń fi 7 pín wọn, mo sì ń kọ àṣẹ́kù nìkan sílẹ̀: 0, 1, 1, 2, 3, 5, 1, 6, 0, 6, 6, 5, 4, 2, 6, 1. Lẹ́yìn 16 yìí, 0 àti 1 tún yọjú, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ bá olùkọ́ wa kan. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ padà?"

Mo jókòó tì í títí ó fi yé mi. Àṣẹ́kù méjì tó tẹ̀lé ara wọn ló ń pinnu èyí tó kàn. Láti 0 dé 6 ni àṣẹ́kù mọ, nítorí náà irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ kò lè ju 49 lọ. Bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan á tún wáyé. A sì lè fi ìyọkúrò rìn padà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí 0 àti 1 gan-an ló ń padà sí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí èsì JAMB mi jáde lọ!

Onímọ̀ ìṣirò kan, D. D. Wall, ti kọ gbogbo èyí jáde ní 1960. Iye àṣẹ́kù tí a ń kọ kí gbogbo rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ ni mo ń pè ní ìyípo. Ìyípo 7 jẹ́ 16. Ti 49, tó jẹ́ 7 lọ́nà 7, jẹ́ 112. Wall bèèrè bóyá nọ́ńbà kan wà, tí 1 àti ara rẹ̀ nìkan lè pín, tí ìyípo rẹ̀ àti ìyípo ohun tí a rí bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ á dọ́gba. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò rí ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò sì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí.

Olùkọ́ wa ò ní kí n lọ gbé ìyẹn o. Wọ́n ní kí n yí òfin náà padà díẹ̀: kí n sọ èyí tó gbẹ̀yìn di ìlọ́po méjì, kí n tó ro èyí tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó di 0, 1, 2, 5, 12, 29. Fi 7 pín in, 6 péré ni ìyípo rẹ̀. Ibi tí òfin méjèèjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yapa ni mo ń wá báyìí. Bí iná bá wà, mo ń fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ṣe é. Bí kò bá sí, bírò àti ìwé.

Àwọn ará ilé ń bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ìṣirò dà. Mo máa ń dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olúbùmmọ fún wọn, ọmọ Orin-Èkìtì níbí, tó kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́ kan. Má kàn sọ pé o fẹ́ ṣe ìwádìí. Kò sóhun tí wọ́n lè fi ìyẹn ṣe. Mú ojú ìwé kan tí ìwọ fúnra rẹ ti ṣiṣẹ́ lé lórí dání, kí o fi ibi tó ti há ọ hàn wọ́n.

Mo rí màmá rẹ ní Ọjà Ọba, ara wọn le, wọ́n ní kí n kí ọ. Bá mi wá iṣẹ́ Wall yẹn ní líbìrérì yín, inú ìwé àtìgbàdégbà ìṣirò American Mathematical Monthly ló wà. Mo fẹ́ kà á látòkèdélẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.