Ara eku ni àbí ara èèyàn?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Apòògùn ni mí, ọ̀dọ̀ mi sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń bá fínra ń gbé. Inú mi kò dùn sí ìròyìn yín tó ní ìwòsàn ìgbàgbé ti dé, torí wọ́n rí ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ń ba ìrántí jẹ́. Ìparí rẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ara eku ni wọ́n ti dán an wò.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní ká dá oògùn donepezil ìyá òun dúró ká lè dúró de tuntun. Mo kọ̀ jálẹ̀. Donepezil, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996, kò wo àrùn náà sàn. Ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ acetylcholine ló ń dí lọ́wọ́, kí èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn yìí má tètè tán. Ìrànwọ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń dá aṣọ wọ̀, wọ́n sì ń pe orúkọ mi.

Ẹ wo BACE1, tí wọ́n dá mọ̀ ní 1999. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń gé prótíìnì tí amyloid ti ń jáde, ìyẹn èròjà tó ń dì sínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn náà. Oògùn verubecestat dí i lọ́wọ́, amyloid sì dín kù lóòótọ́. Síbẹ̀, nínú ìdánwò tí wọ́n dá dúró ní 2018, ìrántí àwọn tó lò ó burú ju ti àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ṣáájú ìyẹn, ní 2010, wọ́n pa oògùn semagacestat tì: ó dá kún àìsàn náà, jẹjẹrẹ awọ sì pọ̀ sí i. Ẹ́ńsáìmù gamma-secretase tí oògùn náà ń dí lọ́wọ́ tún ń gé Notch, prótíìnì tí sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe aláìní. Àwọn aláìsàn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò wọ̀nyí ló jẹ ìyà rẹ̀, ó sì ń dùn mí gan-an.

Mi ò ní kí ẹ má kọ nípa ìwádìí o. Mo ń tẹ̀ lé e lójoojúmọ́, mo sì ń retí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sí ìlà àkọ́kọ́: ara eku ni àbí ara èèyàn? Kí ẹ sì bi àwọn onímọ̀ náà léèrè iṣẹ́ mìíràn tí ẹ́ńsáìmù wọn ń ṣe nínú ara. Bí ẹ bá ń fẹ́ apòògùn tí yóò bá yín ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kó tó jáde, mo ti ṣe tán.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan