Apá òbí nínú FAFSA ló ń dá ọmọ dúró

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí síta fún àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, tí ọmọ wọn sì fẹ́ wọ yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé máàkì ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ á gba máàkì, ilé-ẹ̀kọ́ á gbà á wọlé, síbẹ̀ owó ìrànwọ́ kò ní jáde, torí pé apá òbí nínú fọ́ọ̀mù FAFSA ṣì wà nílẹ̀ láìparí.

Fọ́ọ̀mù yìí ni ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Orí studentaid.gov la ti ń kún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ sá fún un. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní green card lè gba owó náà. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, kò lè gbà á. Ti ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027 ń lo àkọsílẹ̀ owó orí ọdún 2024, nítorí náà kò sídìí láti máa dúró de ìwé owó orí tuntun. Gbèdéke ìpínlẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń ṣáájú ti ìjọba àpapọ̀ dáadáa.

Lórí studentaid.gov, ọmọ ní àkáǹtì tirẹ̀, òbí ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á kọ í-méèlì òbí sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe òbí sórí í-méèlì náà. Òbí fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé, kó dáhùn ìbéèrè, kó gbà kí IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, fi àkọsílẹ̀ owó orí rẹ̀ ránṣẹ́, kó wá fọwọ́ sí i. Gbígbà yìí pọn dandan, kódà fún òbí tí kò kọ ìwé owó orí rárá. Bí kò bá gbà, ọmọ náà kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ kankan, títí kan ẹ̀yáwó. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security náà lè ṣí àkáǹtì.

Àwa Yorùbá tún ní àṣìṣe tiwa. Orúkọ gbọ́dọ̀ bá ti káàdì Social Security mu: bí káàdì bá ní Oluwaseun, ẹ má kọ Seun. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, nílé, 04/07 la máa kọ. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú, ọjọ́ keje oṣù kẹrin ni wọ́n á kà á sí, àkọsílẹ̀ kò sì ní bára mu. 07/04 ni kí ẹ kọ.

Bí bàbá àti ìyá bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí wọn kò sì gbé pọ̀, ẹni tó náwó jù lórí ọmọ láàárín oṣù 12 tó kọjá ló máa kún un. Ó lè má jẹ́ ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà owó máa dé láti ilé-ẹ̀kọ́, òun gan-an ló ń kó àwọn ẹbí sí gbèsè. Ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ìnáwó ọdún kan jẹ́ 28,000 dọ́là. Lẹ́tà kọ Pell Grant, ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀, 7,395 (òun ló ga jù ní ọdún 2025 sí 2026), ẹ̀bùn ilé-ẹ̀kọ́ 9,000, ẹ̀yáwó 5,500, work-study 2,500. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní 3,605 ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yáwó ni ẹ ó dá padà. Work-study sì ni owó iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe kó tó rí i gbà, kì í dín ohun tí ẹ máa san lọ́jọ́ ìwọlé kù. Ẹ̀bùn nìkan ni kí ẹ yọ: 11,605 ló kù. Nínú ẹ̀yáwó 5,500 yẹn, 3,500 ni kò lè ju lọ nínú èyí tí ìjọba ń san èlé rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́. Èlé ìyókù ti ń gùn láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti san owó náà síta.

Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ òbí lẹ́yìn ọdún 2024, fọ́ọ̀mù kò mọ̀. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe professional judgment, ìyẹn ni kí wọ́n fi bí nǹkan ṣe rí fún yín báyìí tún ọ̀rọ̀ yín gbé yẹ̀ wò. Ẹ fi ìwé ìdádúró níṣẹ́ àti ìwé owó oṣù tuntun tì í. Òfin fún wọn láṣẹ láti tún ìṣírò ṣe, àmọ́ wọn kì í ṣe é fẹ́ni tí kò béèrè.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní láti gbọ́ tiwọn. Kí ni wọ́n fi ń to ẹ̀bùn àti gbèsè sójú ìlà kan náà, fún ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń kà á lórí fóònù nígbà ìsinmi ìdajì wákàtí? Kí wọ́n ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ iye tó kù lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, kí wọ́n tó wá dárúkọ ẹ̀yáwó.

Àwa olùkàwé yín tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kún FAFSA