Lẹ́tà sí Màmá tó ni igi mángòrò tí wọ́n gé ní Ìgbógbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Mà. Ẹ lè má rántí mi mọ́, èmi lọmọ tó bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fún òun ní ìtì mángòrò yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, nígbà tẹ́ni tó gé e ti ń bá àwọn tó ń ra igi ìdáná dúnàádúrà. Ẹ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi mángòrò ṣe, ṣé ìyẹn ṣeé kan ilẹ̀kùn ni? Mo ní mo fẹ́ fi ṣe abọ́, ẹ wò mí títí, ẹ ní kí n máa gbé e lọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ní i lọ́kàn láti wá sọ ìyókù fún yín, àmọ́ nígbà tí mo máa fi débẹ̀ wọ́n ní ẹ ti lọ bá àwọn ọmọ yín ní Kánádà, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síbí, bóyá ọ̀kan nínú wọn á rí i kó kà á fún yín.

Ẹ̀rọ tí mo ń lò, lathe ni wọ́n ń pè é. Ẹ ti rí iṣẹ́ ẹ̀ rí Mà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó ṣe kókó-kókó yẹn, òun ni wọ́n fi ń ṣe é. Agbẹ́gilére, igi á dúró, ọwọ́ ẹ̀ láá máa rìn. Tiwa, igi ló ń yí, irin ẹlẹ́nu mímú tá a fi ń gé e la máa ń rọra gbé lọ bá a. Bàbá kan ní Sábó ló kọ́ mi, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe ẹsẹ̀ àga kí wọ́n tó bí mi, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni, èmi ọ́fíìsì ni mo ń lọ, Sátidé tíná bá wà ni tèmi. Ohun tí Bàbá ń tẹnu mọ́ jù ni pé kí n má fi ẹnu irin bá igi lójijì, kí ẹ̀yìn ẹnu irin kọ́kọ́ fara lé igi tó ń yí náà, kí n wá rọra gbé ọwọ́ tí mo fi dì í mú sókè títí irin á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Tó bá ti jẹ ẹ́ dáadáa, ohùn ẹ̀ á yí padà, etí á gbọ́ ọ kójú tó rí i.

Mo la ìtì yín sí méjì gba àárín, torí ọkàn igi gan-an ló máa ń kọ́kọ́ là tó bá ń gbẹ. Mo de irin pẹlẹbẹ mọ́ ojú ẹ̀, mo gbé e kọ́ ẹ̀rọ. Abọ́ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 10, bíi 600 sí 900 ló yẹ kó máa yí láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí kò tíì rí róbótó á tún lọ́ra jùyẹn lọ, torí tó bá já, ojú èèyàn ló ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń de ìbòjú tó bo gbogbo ojú. Ara ìta, láti ìdí lọ sí ẹnu la ń gé e, inú ẹ̀ wá jẹ́ láti ẹnu lọ sí ìdí, kí irin lè máa bá iṣan igi lọ, tèèyàn bá gbà á sódì ńṣe láá máa fa ojú igi ya.

Mà, kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Igi náà ṣì tutù, omi ara ẹ̀ ń ta sí mi láyà, èérún ẹ̀ ń jáde ní gígùn láìjá, bí ìgbà táwọn olọ́sàn bá ń bó ọsàn. Gbogbo ilé ń rùn bíi mángòrò. Mo bá ìṣó méjì pàdé níbẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé àwọn kan ti kan pátákó ìpolówó mọ́ ọn láyé ọjọ́un, igi ti dàgbà bò wọ́n, àyíká wọn sì ti dúdú.

A kì í gé e tinrín lójú ẹsẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó nípọn tó ínǹṣì 1 yí ká, ìdámẹ́wàá ìbú ẹ̀ nìyẹn, torí igi tútù máa ń súnkì, kò sì ní súnkì bákan náà: ọ̀nà tó bá òrùka inú igi yí po máa ń súnkì tó ìlọ́po méjì èyí tó gba ọkàn igi bọ́ sí èèpo, abọ́ tó rí róbótó á wá gùn lápá kan. Mo gbọn àpò sìmẹ́ńtì dáadáa, mo fi wé àwọn abọ́ náà, mo tò wọ́n síbi tí atẹ́gùn ò ti pọ̀, ọyẹ́ ni mò ń bẹ̀rù jù torí gbígbẹ kíákíá ló ń là á. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, nígbà tí ìwọ̀n wọn lórí síkéèlì kò dín mọ́, mo gbé wọn padà sórí ẹ̀rọ, mo gé wọn tinrín, mo fi sáńpépà 120 títí dé 320 pa wọ́n. Ẹ ò bá rí àwọ̀ ẹ̀! Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìlà dúdú wẹ́wẹ́ sì gba inú ẹ̀ kọjá, olú tó ti ń wọ igi náà nígbà tó fi wà nílẹ̀ nínú òjò ló ya ìlà yẹn. Ìrókò ò lè fún mi nírú ẹ̀, eruku ìrókò gan-an máa ń yọ ihò imú lẹ́nu jù.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo gbọ́ pé igi kejì tó wà lẹ́yìnkùlé máa lọ, torí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fẹ́ni tó ń bá yín mójú tó ilé pé kó má jẹ́ kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ọ̀dà kun ojú ibi tí wọ́n bá gé lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ojú yẹn ni omi ti ń jáde jù, kí wọ́n sì gbé e síbi tóòrùn ò dé, màá wá gbé e, màá sì sanwó fẹ́ni tó gé e.

Abọ́ tó tóbi jù níbẹ̀, tiyín ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń tibí bọ̀ lọ́dọ̀ yín wá gbà á, kò wúwo rárá. Ẹ lè kó èso sínú ẹ̀, ẹ má ṣáà rẹ ẹ́ sómi, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́. Ìda oyin àti epo tí kì í bà jẹ́ ni mo fi pa á, màá fi díẹ̀ sínú ìgò kékeré mọ́ ọn, ẹ máa fi pa á lára nígbà òtútù tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúlégbóná, torí ilé máa ń gbẹ gan-an nígbà yẹn. Òróró ẹ̀pà ni kẹ́ ẹ má fi pa á, ó máa ń rùn tó bá pẹ́.

Èmi ọmọ yín, ní Ìgbógbó.