Lẹ́tà sí Àkànní lórí àwọn eléré ìje ìlú wa

Adó-Èkìtì

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù ọ̀hún. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, Màmá náà sì ní kí n bá àwọn kí ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. Àwa mélòó kan tí a jọ sáré nígbà tí a wà nílé-ìwé ti ń ṣe ìpàdé lórí bí a ó ṣe bu ọlá fún àwọn eléré ìje ìlú yìí àti àwọn tí wọ́n máa ń ṣètò ìdíje fún wọn, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé. Àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀, mo sì ń wá ẹni tí yóò gbè mí lẹ́yìn.

Orúkọ tí gbogbo ilé kọ́kọ́ dá ni ti olóògbé Olúyẹmí Káyọ̀dé, kò sì sí ẹni tí ó takò ó. Ìwọ náà yóò rántí oṣù Kẹjọ ọdún 1992, nígbà tí ó wọ àṣekágbá eré igba mítà ní Òlíḿpíìkì ìlú Barcelona, tí ó ṣe ipò keje, tí kò sì tíì sinmi tán tí òun àti Chidi Imoh, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa fi jọ sá rìléè ọgọ́rùn-ún mítà ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ìṣẹ́jú-àáyá 37.98 ni wọ́n fi sá a. Amẹ́ríkà ni ó gba wúrà. Kúbà, tí ó ṣe ipò kẹta, fi 38.00 sá tirẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí ó wà láàárín fàdákà tiwa àti bàbà tiwọn kò tó ìṣẹ́jú ojú. Káyọ̀dé ni ó sá apá àkọ́kọ́. Àwọn tí ń wo eré kì í sábà rántí ẹni àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí ó bá já okùn níkẹyìn ni ayàwòrán máa ń lé kiri. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó máa ń dúró de ìró ìbọn pẹ̀lú àyà tí ń lù kìkì, òun ni ó máa ń sá kọ́ńà, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀pá tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì láàárín ààyè tí wọ́n fi ìlà dá. Ogún mítà péré ni ààyè yẹn láyé ìgbà náà. Bí ọ̀pá bá ré e kọjá, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde nìyẹn, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ wọn yá tó.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994 ni ìjàmbá ọkọ̀ gbẹ̀mí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Abẹ́ Oǹdó ni Adó ṣì wà nígbà náà. Ọdún méjì gééré lẹ́yìn rẹ̀, ní àyájọ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, pápá ìṣeré tí ó wà ní olú ìlú wa sì ń jẹ́ orúkọ Káyọ̀dé títí di òní. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn ọ̀dọ́ kan tí ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn olóṣèlú nínú pápá náà pé ta ni Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọ̀kan dáhùn pé gómìnà àtijọ́ kan ni, èkejì ní olówó kan tí ó fi ilẹ̀ tọrẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá pé kí a gbé pátákó kan sí ẹnu-ọ̀nà, kí a kọ iṣẹ́ tí ó ṣe sí i, kí a sì kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá náà gàdàgbà, nítorí ọmọ tí ó bá fẹ́ràn eré sísá yóò mọ ohun tí 37.98 túmọ̀ sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ takora ni pé àwọn kan fẹ́ kí a dá ọlá náà mọ sí àwọn òkú. Wọ́n ní ẹni tí ó ti lọ kò lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ mọ́. Mo rán wọn létí rìléè irínwó mítà tí Nàìjíríà sá ní Sydney lọ́dún 2000. Fàdákà ni wọ́n fún wa lọ́jọ́ náà, kí ó tó di pé Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó borí, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kò gbà. Ọdún 2012 ni wúrà tó di tiwa. Sunday Bada, tí ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ó sá àṣekágbá, ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ta ni yóò gbọ́ irú ìtàn yìí tí yóò tún máa sọ pé kí a dúró dìgbà tí ènìyàn bá kú? Ohun mìíràn tí ó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ Sydney ni pé Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama, tí wọ́n sá ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò sá àṣekágbá, wà lára àwọn tí wúrà náà tọ́ sí. Ìlànà tí mo fẹ́ kí àwa náà tẹ̀ lé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùṣètò ni ó le jù. Gbàrà tí a dárúkọ rẹ̀ ni àwọn kan ti ń to orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ti ra ife-ẹ̀yẹ rí, tàbí tí wọ́n ti jókòó sórí àga alága lọ́jọ́ ìdíje. (Àwọn alága yẹn kì í dé títí eré yóò fi kù díẹ̀ kí ó parí, o kò gbàgbé.) N kò sọ pé owó wọn kò wúlò. Ṣùgbọ́n, Àkànní, ta ni ó ń la ìlà pápá? Lórí koríko tí a ń sá nígbà náà, okùn àti eérú ni géémù másítà wa fi ń ṣe é láti ìdájí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò gidi ni. Nínú eré irínwó mítà, ẹni tí ó wà ní ìlà kejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 7.04 síwájú ẹni ìlà kìn-ín-ní, nítorí kọ́ńà tirẹ̀ gùn jù. Bí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ bá ṣi í wọ̀n, a ti rẹ́ ọmọ kan jẹ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ṣírò tún ti ẹni tí ń yin ìbọn, ti àwọn tí ń di aago mú ní ìparí, ti ìyá tí ń se oúnjẹ àwọn ọmọ tí ó wá láti ìlú mìíràn, àti ti olùkọ́ tí ó lọ bẹ bàbá ọlọ́mọbìnrin nílé pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà wọ ṣòkòtò péńpé sáré. Mo ní ẹni tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá ni kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹni tí ó ra ife tẹ̀ lé e. Ìpàdé dàrú. A kò tíì fẹnu kò.

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sá Grier Cup, ìdíje eré ìje àwọn ilé-ìwé, láyé Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣì wà láàárín wa, pàápàá àwọn tí ó jáde ní Christ's School lórí òkè Agidimo, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti wà láti ọdún 1933. Orí wọn ṣì pé. Wọ́n ń dárúkọ ẹni tí ó ṣe ipò kìíní àti ẹni tí ó ṣubú. Èmi ni mo ń lọ bá wọn nílé kọ̀ọ̀kan láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ikán ti jẹ ìwé àkọsílẹ̀ tí a gbójú lé.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Wo inú àpótí fọ́tò rẹ, kí o ya ẹ̀dà àwọn tí a yà ní pápá ránṣẹ́ sí mi, kí o sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí o bá dá mọ̀ níbẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n mú aago lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà kan sí ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ olùṣètò yìí, nítorí wọ́n máa ń ka ti ẹni tí ó wà lókè òkun sí ju tèmi lọ. Jẹ́ kí ó dé kí oṣù yìí tó parí; ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó dìbò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní