Pọ́tàlì ìjọba: ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, ká lò ó, kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tẹ́nì kan kọ sí yín pé ohun tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba yọrí ni pé àwọn olóṣèlú ń jẹ owó ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn, wọ́n ń jẹ ẹ́, àmọ́ ká tiẹ̀ ní áńgẹ́lì ló gba iṣẹ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìkan tó láti bà á jẹ́.

Èmi ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan l'Ẹrẹ́jà níbí n'Iléṣà. Àwa la máa ń bá àwọn èèyàn forúkọ sílẹ̀ lórí gbogbo pọ́tàlì tíjọba bá gbé jáde, torí náà tí pọ́tàlì kan ò bá dáa, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ bú u. Ẹ wo ọ̀kan tí wọ́n ṣe fáwọn tó ti fẹ̀yìntì, mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó ni ín. Wọ́n ní kí bàbá gbé lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sórí ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 200KB lọ. Lẹ́tà ayé ijọ́un o, èyí tí wọ́n fi taipúráítà tẹ̀, tó ti pọ́n, tó ti gbó láti ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Tá a bá wá fún un kéré kó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́, wọ́n á dá a padà pé kò ṣeé kà. Bàbá ò ní ímeèlì, ti ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó la lò, kóòdù á lọ bá ọmọ níbi iṣẹ́, ká tó pè é kó tó gbé fóònù, kóòdù ti kú, ká tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Orúkọ ìyá kan gùn ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, pọ́tàlì gé e láàárín, ló bá di pé orúkọ ẹ̀ ò bá ti NIN mu. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó le láti tún ṣe! Ẹni tó bá jókòó tì wá láti àárọ̀ dọ̀sán á ti rí gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó wá. Wọ́n kọ ọ́ tán pátápátá kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó máa lò ó tó fojú kàn án, wọ́n gé ríbọ́nù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sanwó, àwọn tó kọ ọ́ sì ti bá tiwọn lọ.

Ọ̀nà míì wà tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ń pè ní agile. Kì í ṣe nǹkan àná. February 2001 ni àwọn mẹ́tàdínlógún kan pàdé ní Snowbird, ní Utah l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju ìwé rẹpẹtẹ lọ, pé kí ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ni ín jọ máa ṣe é pọ̀ sàn ju kí wọ́n máa fa ọ̀rọ̀ lórí kọ́ńtíráàtì. Kò ju báyìí lọ: ẹ ṣe apá kékeré kan, ẹ fún èèyàn díẹ̀ lò, ẹ wo ibi tó ti há wọn, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí apá kejì.

Ẹ má rò pé òyìnbó ò jìn sí irú kòtò tiwa rí o. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba l'Amẹ́ríkà, fẹ́ kúrò lórí fáìlì oníwèé, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n pè ní Virtual Case File, nígbà tó di 2005 wọ́n dà á nù, nǹkan bí mílíọ̀nù 170 dọ́là ti wọgbó. Wọ́n tún gbé òmíràn, Sentinel, fún iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lockheed Martin ní 2006, ìyẹn náà fà títí, owó ń tán lọ, iṣẹ́ ò tán. Ní 2010 ni wọ́n gbà á padà sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n wá ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé wọ́n á gbé ohun tí wọ́n ṣe síta káwọn tó ni ín fojú ara wọn rí i. July 2012 wọ́n ti ń lò ó. Ìjọba Obama ò kọ́gbọ́n níbẹ̀ ṣáá, October 1, 2013 wọ́n ṣí Healthcare.gov, pọ́tàlì táwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ra ìnṣọ́ránsì ìlera, fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn mẹ́fà ló rí i parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́fà!

Nílé níbí ẹ rántí UTME 2025, àtúnṣe tó yẹ kó dé gbogbo sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tí ìdánwò ń gbà kọjá, ò dé àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti apá Owerri, sẹ́ńtà 157 ló kàn, ọmọ 379,997, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé, ọ̀gá JAMB nígbà náà, fi sunkún ní gbangba. Ká sòótọ́, JAMB ṣì máa ń ṣe mock ṣáájú ìdánwò gangan, bàbá yẹn sì jáde wá gbà pé ẹ̀bi àwọn ni. Tó bá lè ṣe àwọn tó ń dán an wò bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ fáwọn tí kì í dán an wò rárá?

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ ní sẹkitéríàtì l'Òṣogbo, wọ́n á ní báwo làwọn ṣe máa fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì tí wọn ò mọ gbogbo ohun tó máa wà níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì ńkọ́? Ṣebí injíníà á lọ wọ̀n ọ́n kó tó gba sátífíkéètì tó máa fi gbowó tó kàn ni. Kí wọ́n wọn ti sọ́fítíwíà náà bẹ́ẹ̀, èyí tá a bá rí pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ aráàlú, kí wọ́n san tiẹ̀, èyí tí ò ṣiṣẹ́, kó dúró. Ọmọ òṣómàáló ni wá, a mọ béèyàn ṣe ń lóṣòó ti owó ẹ̀, kíjọba náà lóṣòó ti owó wa jàre.

Àmọ́ o, àwọn kan á kàn kọ agile sórí pépà, nǹkan àtijọ́ ni wọ́n á máa ṣe lọ. Tí ò bá sí ọ̀gá kan láti mínísírì tó ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó lè sọ pé "ẹ yọ ímeèlì yẹn kúrò" láì jẹ́ pé fáìlì gba ọ́fíìsì mẹ́rin kọjá, asán ni.

Kí wọ́n fi ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Ìlà-Oòrùn Iléṣà tàbí Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tó bá wù wọ́n, kó tó dé Ifẹ̀ àti Ẹdẹ. Kí àwọn tó ń kọ ọ́ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, àga wà, sólà mi ń gbé iná, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà mú irú fóònù pálapàla táwọn èèyàn wa ń lò dání, kí wọ́n fi láptọ́ọ̀pù olówó ńlá yẹn sílé.

Èmi ni tiyín,
Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan,
Ẹrẹ́jà, Iléṣà.